Fífa Epo Bẹntiróòlù Tó Ti Pẹ́ Kúrò Nínú Táńkì Ọkọ̀ Àtijọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó lítà kan sì fò sókè láti nǹkan bí 190 náírà sí iye tó ń lọ sí 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ èèyàn gbé ọkọ̀ wọn jókòó sẹ́yìn ilé. Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá àti Peugeot 504 wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ kàn, nítorí pé ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ṣe fáàrí lọ́jọ́ Sunday ni púpọ̀ nínú wọn ti dà. Ní báyìí tí àwọn tó ni wọ́n ti ń fẹ́ gbé wọn jáde padà, ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́: kí ni ká ṣe sí epo tó wà nínú táńkì? Èmi náà ní Ìjàpá kan tí bàbá mi fi sílẹ̀, tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò fún ọdún mẹ́sàn-án, mo sì ti ṣe díẹ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo ń kìlọ̀ nípa wọn nísàlẹ̀ yìí.

Ṣé epo bẹntiróòlù máa ń bàjẹ́ ni? Kì í kúkú ṣe oúnjẹ.

Ó máa ń bàjẹ́, ọ̀nà mẹ́ta ló sì ń gbà bàjẹ́. Bẹntiróòlù kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Àdàlù èròjà rẹpẹtẹ ni, àwọn kan fúyẹ́, àwọn kan wúwo. Àwọn tó fúyẹ́ ni iná kọ́kọ́ ń ràn mọ́ láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, àwọn náà ló sì kọ́kọ́ ń fẹ́ lọ gba ihò tí táńkì fi ń mí. Ohun tó bá ṣẹ́ kù a wá wúwo, kò sì ní fẹ́ gbiná wẹ́rẹ́ mọ́ nínú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀nà kejì ni pé afẹ́fẹ́ tó wà lórí epo nínú táńkì ń yí díẹ̀ nínú rẹ̀ padà di ohun pupa tó ń lẹ̀ bí oje igi, tó sì ń gbẹ mọ́ inú kabúrétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, bíi fáníìṣì. Ọ̀nà kẹta ni omi. Táńkì tí kò kún máa ń mí: ooru ọ̀sán a lé afẹ́fẹ́ jáde, òtútù òru a fa afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin wọlé, ìrì a sì máa sẹ̀ sára irin táńkì lókè, a sì máa kán sínú epo. Omi wúwo ju epo lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń lọ jókòó sí, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa epo gan-an, ibẹ̀ náà sì ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Oṣù mélòó ló gbọ́dọ̀ pé kí n tó gbà pé epo náà ti bàjẹ́?

Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni epo inú táńkì ọkọ̀ àtijọ́ máa ń lò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Inú kẹ́ẹ̀gì tí a dé pinpin, tó wà níbi tútù, ó lè lo ọdún kan. Ṣùgbọ́n táńkì Ìjàpá kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì tí a dé pinpin, oòrùn wa kì í sì í ṣe ti Jámánì. Bí ọkọ̀ bá ti jókòó ju ọdún kan lọ, ẹ má wulẹ̀ dán epo inú rẹ̀ wò. Ẹ fà á dànù.

Báwo ni mo ṣe lè dá a mọ̀ láìjẹ́ mẹkáníìkì?

Ẹ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìgò gíláàsì tó mọ́, kí ẹ sì bu epo tuntun sínú ìgò mìíràn, kí ẹ gbé àwọn méjèèjì síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Epo tuntun máa ń mọ́ gaara, ó sì lè pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ a máa dúdú bí omi tíì, nígbà mìíràn bí oyin ìgàn. Bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí ìlà kan tó pín ìgò náà sí méjì, omi á wà nísàlẹ̀, epo á wà lókè, ẹ sì lè rí ìyẹ̀fun ìpẹtà tó pupa bí ilẹ̀ Ìbàdàn nínú omi náà.

Ti òórùn náà ń bẹ. Epo tuntun máa ń ta sánsán nímú. Èyí tó ti bàjẹ́ ń rùn kíkan, bí ọ̀dà tí wọ́n gbàgbé láti dé. Ẹ má ṣe ki orí bọ ẹnu táńkì láti gbóòórùn rẹ̀, nítorí ohun tí ẹ ó fà símú níbẹ̀ lè mú kí òòyì kọ́ yín. Èyí tó rọra ń fẹ́ jáde nínú ìgò náà tó.

Ṣé mi ò lè kàn bu epo tuntun lé e, kí n sì ṣíná? Ohun tí mẹkáníìkì mi sọ pé kí n ṣe nìyẹn.

Bí epo náà kò bá tíì ju bí oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, tí kò sì sí omi nínú rẹ̀, mẹkáníìkì yín kò jẹ̀bi. Ẹ bu epo tuntun kún un dáadáa, ó máa lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti jókòó fún ọdún mélòó kan kò gba irú èyí rárá, ohun tó sì ń mú kó léwu ni pé ó lè kọ́kọ́ jọ bíi pé ó gbà á. Ẹ́ńjìnnì á jí, á máa wúkọ́, inú yín á dùn. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan náà, ìdọ̀tí àti ìpẹtà tó sùn sísàlẹ̀ táńkì ti wọ inú fílítà, ó ti wọ fúùlù pọ́ọ̀mpù, ó sì ti dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú kabúrétọ̀ tí kò fẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Èyí tó burú jù ni ohun tí kò hàn lójú ẹsẹ̀. Oje tó wà nínú epo tó ti pẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀pá fáàfù tó ń gba epo sínú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá pa ọkọ̀, tó tutù, fáàfù náà á gan síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá tún ṣíná, ọ̀pá tó yẹ kó tì í á tẹ̀ dípò kó tì í. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìjàpá bàbá mi nìyẹn. Epo tí iye rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni mi ò fẹ́ dànù, mo sì tú ẹ́ńjìnnì nítorí rẹ̀.

Níbo ló yẹ kí n ti fa epo náà?

Ìta gbangba, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí ilẹ̀ sì tẹ́jú. Kí ẹ tó mú sípánà kankan, ohun kan wà tó yẹ kó yé yín, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìdáhùn tó kù lórí ìwé yìí dúró lé: epo tí ẹ ń rí kọ́ ló ń gbiná, gáàsì tó ń tara rẹ̀ jáde, tí ojú kò rí, ni. Bẹntiróòlù ń mú gáàsì tó lè gbiná jáde kódà nínú òtútù tó fi ìwọ̀n 40 lọ sílẹ̀ ju ibi tí omi ti ń di yìnyín. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà kì í gòkè lọ bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń bá ṣàn bí omi, ó ń wá kòtò àti ìsàlẹ̀ kiri, ó sì lè rìn dé ìdí àdògán alákàrà tó wà ní òdìkejì ọgbà, kí iná sì tọ ọ̀nà kan náà padà wá bá yín.

Nítorí èyí, ẹ má ṣe fa epo nínú gáréèjì tí a sé, ẹ má sì ṣe gbé ọkọ̀ sórí kòtò tí àwọn mẹkáníìkì ń wọ̀ láti tún abẹ́ ọkọ̀ ṣe. Kòtò yẹn máa ń kún fún gáàsì bí àwo ṣe ń kún fún ọbẹ̀, ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ kò sì ní ibi tó máa sá gbà. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, tiyín àti ti aládùúgbò tó bá sún mọ́ ọ̀dọ̀ yín. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ nínú ilé. Àárọ̀ kùtùkùtù sàn ju ọ̀sán lọ, nítorí pé bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni gáàsì náà ń pọ̀ sí i.

Àwọn nǹkan wo ló yẹ kó wà nílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ṣe fún epo, tí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ju ohun tó wà nínú táńkì lọ, pọ́ọ̀mpù ọlọ́wọ́ tí a ń fún lọ́wọ́ bíi bọ́ọ̀lù, rọ́bà tó ń dán gaara kí ẹ lè máa rí ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, àrọ, abọ́ irin fífẹ̀ kan, ìbọ̀wọ́ tí epo kì í jẹ, àti awò tó bo ojú. Ohun tí a fi ń pa iná gbọ́dọ̀ jẹ́ oníyẹ̀fun tàbí onífóòmù, kó sì wà níbi tí ọwọ́ yín ti lè tó o, kì í ṣe nínú búùtù ọkọ̀ tí ẹ ń tú. Garawa yanrìn gbígbẹ kan náà wúlò. Omi kò wúlò: epo á léfòó sórí rẹ̀, iná á sì máa bá a rìn. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára yín ní Èkó, 767 tàbí 112 ni ẹ ó pè.

Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà orí négétíìfù bátìrì kí ẹ tó ṣí ohunkóhun tó jẹ́ ti epo. Bátìrì Ìjàpá wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń gbàgbé rẹ̀ nítorí pé wọn kì í rí i. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí gáàsì epo ti kún ilẹ̀ kí ẹ tó rántí rẹ̀, iná kékeré tó ń ta pàrà nígbà tí wáyà bá kúrò lórí bátìrì ti tó láti dá gbogbo nǹkan rú.

Iná kan tún wà tí ara èèyàn fúnra rẹ̀ ń kó jọ. Ẹ mọ bí aṣọ náílọ́ọ̀nù ṣe máa ń ta pàràpàrà lára lásìkò ọyẹ́ nígbà tí a bá ń bọ́ ọ lálẹ́. Iná gidi nìyẹn, ó sì tó láti gbiná mọ́ gáàsì epo. Aṣọ òwú ni kí ẹ wọ̀. Ilẹ̀ ni kí kẹ́ẹ̀gì jókòó sí, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì tàbí orí ọkọ̀ akẹ́rù, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin ọkọ̀ náà níbi tó jìnnà sí ẹnu táńkì kí ẹ tó ṣí i.

Ìjàpá ni mo ní. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, iwájú lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì sì ni táńkì rẹ̀ wà, ó sì ń gba nǹkan bí 40 lítà. Láti inú táńkì, rọ́bà kúkúrú kan nísàlẹ̀ ló so ó pọ̀ mọ́ páìpù irin tó gba àárín gbùngbùn abẹ́ ọkọ̀ kọjá lọ sẹ́yìn. Ìpele méjì ni mo máa ń pín iṣẹ́ náà sí. Mo máa ń kọ́kọ́ fi pọ́ọ̀mpù ọlọ́wọ́ fa èyí tó pọ̀ jù lọ jáde láti ẹnu táńkì lókè, tí kẹ́ẹ̀gì sì máa wà nílẹ̀, kó rẹlẹ̀ ju táńkì lọ. Bí epo bá ti ń wá fúnra rẹ̀, ẹ dáwọ́ pọ́ọ̀mpù dúró. Á máa ṣàn lọ títí tí ohun tó kù kò fi ní tó lítà díẹ̀.

Ìpele kejì ni ti ìsàlẹ̀, nítorí pé rọ́bà tí a fi wọlé láti òkè kì í fa omi àti ẹrẹ̀ ìpẹtà tán. Ẹ gbé abọ́ irin sábẹ́, kí ẹ tú kílíìpù rọ́bà kúkúrú náà, kí ẹ sì dúró sí ẹ̀gbẹ́; ẹ má ṣe sùn sábẹ́ rẹ̀ gbọọrọ, nítorí epo tó bá já bọ́ sójú kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹ̀rín gbà. Bí rọ́bà náà bá ti gan mọ́ irin, ẹ fi ọ̀bẹ là á. Ẹ má ṣe fi púláyà yí i tipátipá, nítorí bí páìpù irin tó wọ inú àárín ọkọ̀ bá fi lè tẹ̀ tàbí ya, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Rọ́bà tuntun kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Bí táńkì bá ti gbẹ, ẹ rántí pé epo ṣì wà nínú páìpù gígùn náà. Ẹ lọ sẹ́yìn, ẹ tú rọ́bà tó so páìpù pọ̀ mọ́ fúùlù pọ́ọ̀mpù, kí ẹ gbé ìgò sábẹ́ rẹ̀, kí ó kán tán.

Peugeot 504 ńkọ́?

Ìlànà kan náà ni, àmọ́ ẹ̀yìn lábẹ́ búùtù ni táńkì rẹ̀ wà, ó sì tóbi ju ti Ìjàpá lọ, nítorí náà ẹ pèsè kẹ́ẹ̀gì púpọ̀ sí i. Púpọ̀ nínú àwọn 504 tó kù lójú títì wa ni wọ́n tò pọ̀ ní Kàdúná, níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1975, ọdún kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Èkó. Nítorí náà ọjọ́ orí àwọn tó dàgbà jù nínú wọn ti tó àádọ́ta ọdún, irin wọn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ní bóòtù tí a fi ń da epo nù nísàlẹ̀ táńkì, ẹ má ṣe fi òòlù gbá a. Ẹ fi òróró tó ń tú ìpẹtà sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí kò bá tú láàárọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ gba òkè. Bí ẹ bá fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ẹ fi sítáǹdì irin tì í. Jáàkì nìkan kò tó fún ẹni tó máa wọ abẹ́ ọkọ̀, kí epo wà níbẹ̀ tàbí kó má sí.

Ẹnu ni gbogbo àwọn awakọ̀ àtijọ́ fi ń fa epo. Kí ló burú níbẹ̀?

Òótọ́ ni, mo dàgbà bá a bẹ́ẹ̀: wọ́n á ki rọ́bà bọ táńkì, wọ́n á fà á lẹ́nu, wọ́n á tutọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì ní kí ọmọdé lọ gbé omi wá. Àwọn tí nǹkan kan kò ṣe ló wà láàyè láti sọ ìtàn náà fún wa. Ewu ibẹ̀ kì í ṣe adùn burúkú tó ń kù lẹ́nu. Bẹntiróòlù fúyẹ́, ó sì ń yọ̀. Bí ó bá kan ọ̀nà ọ̀fun, èèyàn á sín tàbí kó wúkọ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì yà sínú ẹ̀dọ̀fóró dípò ikùn. Ìwọ̀nba tí kò kún ṣíbí kan ti tó láti mú kí ẹ̀dọ̀fóró wú, kó sì kún fún omi láàárín wákàtí mélòó kan, ó sì ti pa àgbà alágbára.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe mú kí ẹni náà bì, ẹ má sì fún un ní epo pupa. Epo pupa ni ìyá àgbà máa ń sáré lọ gbé wá. Bí ẹni náà bá bì, bẹntiróòlù tún máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ bọ́ aṣọ tí epo ti ta sí kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, pàápàá bí ó bá ń wúkọ́ tàbí tí èémí rẹ̀ ń ké. Kí ẹ má jẹ́ kó lọ sùn, kó máa rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Pọ́ọ̀mpù ọlọ́wọ́ wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, kò sì wọ́n.

Ṣé mo lè lo pọ́ọ̀mpù oníná tí a fi ń fa omi, kí iṣẹ́ lè yá?

Rárá. Mọ́tò inú pọ́ọ̀mpù omi máa ń ta iná wẹ́wẹ́ níbi tí ojú kò rí, wọn kò sì ṣe é fún ohun tó ń gbiná. Bẹ́ẹ̀ náà ni dírììlì tí àwọn kan ń so pọ́ọ̀mpù kékeré mọ́ lórí, àti ẹ̀rọ tó ń fa eruku ilé.

Mo ti fa epo tán, àmọ́ inú táńkì pupa fún ìpẹtà. Ṣé kí n ra táńkì tuntun ni?

Kò tíì dé ibẹ̀. Ẹ yọ táńkì náà kúrò lára ọkọ̀. Ti Ìjàpá kò le, bóòtù mẹ́rin ló dì í mú. Bí ìpẹtà bá jẹ́ ti ojú lásán, ẹ da omi gbígbóná àti ọṣẹ tó ń pa ọ̀rá sínú rẹ̀ kí ẹ fi kọ́kọ́ fọ òórùn epo jáde, lẹ́yìn náà kí ẹ kó nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ tàbí ṣéènì tí ẹ ti ka iye rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ máa mì í. Mo ní kí ẹ ka iye rẹ̀ nítorí pé mo mọ ẹni tó gbàgbé nọ́ọ̀tì méjì sínú táńkì. Lẹ́yìn èyí, ẹ da fínígà sínú rẹ̀ kó kún, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ásíìdì inú fínígà máa jẹ ìpẹtà kúrò lára irin. Ẹ fi omi tí ẹ po sódà tí a fi ń yan àkàrà òyìnbó (baking soda) sí ṣàn án kí ásíìdì náà má baà máa ṣiṣẹ́ lọ, kí ẹ sá a gbẹ nínú oòrùn kíákíá, kí ẹ sì fi epo tuntun díẹ̀ pa inú rẹ̀, nítorí pé irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ lè tún pupa padà láàárín wákàtí díẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé táńkì sókè sí oòrùn tí ẹ sì rí ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ìràwọ̀, táńkì tuntun ni kí ẹ wá.

Wẹ́dà àdúgbò ní òun lè jó ihò náà pa fún mi, pé òun máa bu omi sí i kọ́kọ́. Ṣé ó dára?

Ẹ má gbà. Táńkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, èyí sì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Èyí tó kún kò ní àyè tí afẹ́fẹ́ àti gáàsì ti lè pò pọ̀, àmọ́ nínú táńkì tó ṣófo, gáàsì tí kò ju ìdá kan ààbọ̀ sí bíi méje ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ ti tó láti bú gbàmù. Oje àti ìpẹtà tó wà nínú oríkèé táńkì máa ń mu epo pamọ́. A lè fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó má rùn mọ́, ṣùgbọ́n bí iná wẹ́dà bá kàn án, ooru á tún lé gáàsì jáde níbi tó sá pamọ́ sí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà níṣẹ́ máa ń fi gáàsì tí kì í gbiná lé afẹ́fẹ́ inú táńkì jáde kí wọ́n tó fi iná kàn án. Bí wẹ́dà yín kò bá ní irú rẹ̀, ẹ bá a ṣàwàdà kí ẹ sì máa gbé táńkì yín lọ.

Kí ni kí n ṣe sí epo tí mo fà jáde?

Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa ti ń bàjẹ́. Ẹ má ṣe dà á sí gọ́tà. Gáàsì rẹ̀ máa bá gọ́tà rìn gba iwájú ilé gbogbo èèyàn, ẹni kan á sì ju àfọ́kù sìgá sí i. Ẹ má ṣe dà á sílẹ̀. Ilẹ̀ tó gbà á lónìí ni yóò gbé e dé kànga tàbí bọ́ọ̀hóòlù lọ́la, ìwọ̀nba díẹ̀ sì tó láti ba omi ọ̀pọ̀ ilé jẹ́. Ẹ má ṣe dà á sórí pàǹtí kí ẹ fi dáná sun ún, nítorí pé láàárín ìgbà tí ẹ dà á àti ìgbà tí ẹ ṣá ìṣáná, gáàsì ti yí yín ká.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni dà á mọ́ kẹrosíìnì. Kẹrosíìnì kì í mú gáàsì tó lè gbiná jáde àfi tí ooru rẹ̀ bá tó ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdí nìyẹn tí a fi lè gbé àtùpà àti sítóòfù sínú ilé. Bẹntiróòlù díẹ̀ ti tó láti sọ ìwọ̀n yẹn di asán, kí sítóòfù sì bú mọ́ ẹni tó ń se oúnjẹ lójú. Ìdílé tó ti pàdánù èèyàn báyìí kò mọ níwọ̀n nílẹ̀ Nàìjíríà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ra epo àtijọ́ náà lọ́wọ́ yín, tí kò sì lè sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, ẹ má tà á.

Bí epo náà kò bá tíì dúdú, tí omi kò sì sí nínú rẹ̀, ẹ lè fi aṣọ tó kì sẹ́ ẹ, kí ẹ sì máa bu lítà kan rẹ̀ mọ́ lítà mẹ́wàá epo tuntun nínú ọkọ̀ mìíràn tó ń rìn lójoojúmọ́. Èyí tó ti dúdú, ẹ kọ "EPO TÓ TI BÀJẸ́" sára kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, kí ẹ gbé e síta lábẹ́ òjìji, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń rí sí àyíká ní ìpínlẹ̀ yín nípa ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti kó o. Ẹ̀yin tó wà ní Britain, ẹ pe kánsù yín kí ẹ tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba pàǹtí, kí ẹ sì rántí pé 30 lítà ni òfin gbà kí èèyàn tọ́jú sílé láìjẹ́ pé ó fi tó àwọn aláṣẹ létí, nínú kẹ́ẹ̀gì oníke tí kò ju lítà 10 tàbí ti irin tí kò ju lítà 20 lọ. Táńkì Ìjàpá tó kún ju ìwọ̀n yẹn lọ.

Ọkọ̀ bàbá wa ti jókòó láti nǹkan bí ọdún 1998. Ṣé ohun mìíràn wà tó yẹ kí n mọ̀?

Ó wà. Epo ayé ìgbà náà ní òjé nínú. Ìparí ọdún 2005 ni gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà tó jáwọ́ nínú rẹ̀, Algeria sì ni orílẹ̀-èdè tó jáwọ́ kẹ́yìn lágbàáyé, lọ́dún 2021. Irú òjé tó wà nínú epo náà máa ń gba awọ ara wọlé, nítorí náà ìbọ̀wọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí níbí, ẹ má sì ṣe fi epo náà fọ irin tàbí ọwọ́ bí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe máa ń ṣe.

Mo wà ní London, epo tí wọ́n kọ E10 sí ni mo rà. Ṣé ó yàtọ̀?

Ó yàtọ̀ gan-an. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni E10 ti di epo tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, ohun tí orúkọ náà sì túmọ̀ sí ni pé ọtí ẹ́tánọ̀ọ̀lù lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ọtí yìí máa ń fa omi mọ́ra. Bí omi bá pọ̀ ju ohun tó lè gbé lọ, òun àti omi náà á jọ já sísàlẹ̀ táńkì lẹ́ẹ̀kan náà, epo tó kù lókè kò sì ní lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọtí náà tún máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́, nítorí náà bí ẹ bá ń pààrọ̀ rọ́bà, èyí tí wọ́n kọ SAE J30 R9 sí lára ni kí ẹ rà, kí ẹ sì máa lo epo E5, èyí tí ọtí inú rẹ̀ kò ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, fún ọkọ̀ àtijọ́.

Àwọn tó wà nílé ní Nàìjíríà náà kò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ọtí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí mẹ́tánọ̀ọ̀lù inú rẹ̀ ju ohun tí òfin gbà lọ wọ Nàìjíríà láti òkè òkun, ó sì dé inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kí wọ́n tó kó o kúrò nílẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé jókòó nígbà náà, tí wọn kò sì tíì tú, ẹ yẹ rọ́bà rẹ̀ wò dáadáa.

Táńkì ti mọ́. Ṣé mo lè bu epo tuntun sí i, kí n ṣíná?

Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀. Ẹ fọ asẹ́ tó ń sẹ́ epo ní ẹnu táńkì nísàlẹ̀, ẹ pààrọ̀ fílítà àti gbogbo rọ́bà epo, kí ẹ sì tú kabúrétọ̀ fọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wo ọ́ìlì yọ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, tàbí tí ọ́ìlì náà ga ju bó ṣe yẹ lọ, epo ti ń jò wọ inú ẹ́ńjìnnì láti ara pọ́ọ̀mpù tàbí kabúrétọ̀. Ẹ dà á nù. Lítà méjì ààbọ̀ péré ni Ìjàpá ń gbà.

Lítà márùn-ún epo tuntun tó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kejì ṣíná, kí ẹ̀yin dúró sẹ́yìn pẹ̀lú ohun tí a fi ń pa iná lọ́wọ́, kí ẹ máa wo gbogbo oríkèé rọ́bà. Fílítà oníke kékeré tí àwọn mẹkáníìkì fẹ́ràn láti so sínú ilé ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kò dára níbẹ̀: ẹ́ńjìnnì náà ń gbọ̀n, fílítà ń wúwo sí i, rọ́bà á sì já lọ́jọ́ kan, epo á sì tú sórí ibi tí iná pọ́lọ́ọ̀gì ti ń pín. Ìjàpá tó jóná lójú títì báyìí kò lóǹkà. Abẹ́ ọkọ̀, kó tó di pé páìpù wọ ilé ẹ́ńjìnnì, ni kí ẹ so ó sí.

Kí ni kí n ṣe kí irú èyí má tún ṣẹlẹ̀ bí mo bá fẹ́ gbé ọkọ̀ jókòó?

Bí kò bá ní ju oṣù mẹ́ta lọ, ẹ rọ epo kún táńkì dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ má ríbi jókòó, kí ẹ sì máa wà á jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù títí tí ara rẹ̀ á fi gbóná. Bí ó bá máa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ da oògùn tí kì í jẹ́ kí epo tètè bàjẹ́ (fuel stabiliser) sí i, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lè dé kabúrétọ̀; ọdún kan ni èyí máa rà fún yín. Bí ó bá máa ju ọdún kan lọ, ẹ fà á gbẹ nísinsìnyí tó ṣì jẹ́ epo tó dára, kí ẹ lò ó nínú ọkọ̀ mìíràn.

Mo ti fa epo tán, síbẹ̀ gééjì ń sọ pé ìdajì táńkì ló kù. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ẹ má gba gééjì gbọ́. Ohun tó ń léfòó nínú táńkì láti fi wọn epo ti ṣeé ṣe kó gan síbi tó wà láti ọjọ́ yìí wá, oje kan náà ló sì mú un. Àwọn Ìjàpá tó ṣáájú ọdún 1961 kò tilẹ̀ ní gééjì epo. Ọ̀pá pẹlẹbẹ ni àwọn mìíràn nínú àwọn tó ni wọ́n ń kì bọ táńkì. Ẹ wá ọ̀pá igi tó mọ́, tó sì gbẹ, ẹ kì í bọ̀ ọ́ títí tó fi kan ilẹ̀ táńkì, kí ẹ fà á yọ, kí ẹ sì wo ibi tó tutù dé.